Ohun Tó Ń Gbé Bàbá Kòrẹ́rìn-ín Ṣánlẹ̀

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín rẹ̀ kò tíì máa dún; ẹnu rẹ̀ á kàn là gbàgà, erìgì rẹ̀ tí kò léyín á hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì máa ta nínú aṣọ bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé e wọkọ̀ láti àárọ̀. Eruku ọ̀nà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú bàbá tó bí i, tó na ọmọ náà sí i.

"Bàbá, ẹ gba ọmọ-ọmọ yín."

Bàbá wo ọmọ. Ọmọ wo bàbá, ó yanu, ó rẹ́rìn-ín. Ni bàbá bá kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó kọjú sí ògiri.

Ìyàwó rẹ̀ ń da tíì sínú ife lọ́wọ́. Tíì kún ife, ó ṣàn sórí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Obìnrin náà kò mọ̀.

"Bàbá, ọmọ ni mo ní kí ẹ gbà o. Kì í ṣe ẹrù."

"Mo ti rí i. Ó dáa lọ́mọ. Gbé e fún màmá ẹ."

Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wé ọmọ padà, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, pé wọn ò fẹ́ràn mi, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí ò tíì léyín ṣe fún wọn? Èmi ò gbé e wá síbí mọ́." Ó wọ ọkọ̀ padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ pè é, pè é lórí fóònù. Kò gbé e.

Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n ní bàbá náà, tó jẹ́ agẹrun ní àdúgbò wọn, kórìíra ọmọ. Wọn kò tọ̀nà. Àwọn mìíràn ní ó ń gbéra ga. Àwọn náà kò tọ̀nà. Orúkọ tí wọ́n fún un ní àdúgbò ni Bàbá Kòrẹ́rìn-ín, èyí nìkan ni wọ́n sì sọ tó bá òótọ́ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan tó mọ ìdí rẹ̀, títí kan obìnrin tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí: bí ẹ̀rín bá pa á, ara rẹ̀ máa ń tú. Kì í ṣe pé ó ń rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe pé òòyì ń kọ́ ọ. Okun ló ń kúrò lára rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n pa iná yàrá. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kété lẹ́yìn ibà líle kan. Oníbàárà kan dá àpárá, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ló bá bá ara rẹ̀ nílẹ̀ láàárín irun tí wọ́n gẹ̀ sílẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Wárápá nìyẹn! Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Wárápá kọ́ o. Ẹni tí gìrì wárápá bá dá dùbúlẹ̀, tó ń jà pìtìpìtì, kì í mọ ohun tó ń lọ. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ó fẹ́yàwó, kò sọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò sọ. Lọ́jọ́ kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ọmọ náà ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ó jókòó gbà sílẹ̀, ó sì wo ẹ̀yìn bíi pé ẹnìkan ló tì í. Abọ́ omi gbígbóná wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi náà sì tú sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Kò ta sí i lára. Láti ọjọ́ náà kò gbé ọmọ yẹn mọ́. Bó bá ti rí i pé ó fẹ́ ṣe ohun tó dùn mọ́ni, á kọjú sí ògiri, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa ronú kan ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Yàrá kan ṣoṣo ni, àga méjì tí wọ́n ti lẹ awọ wọn, dígí ńlá kan tó sán ní igun, abẹ tó ń dán nínú agolo omi apakòkòrò. Ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà pé: ẸNI TÍ ABẸ BÁ WÀ LỌ́RÙN RẸ̀, KÓ PANU MỌ́. Ì bá kọ ọ́ pé kí àwọn tó jókòó máa retí náà panu mọ́, nítorí àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn jù. Lọ́sàn-án, á tilẹ̀kùn, á sùn lórí àga, nítorí oorun máa ń gbé e bí ìgbín ṣe ń wọ ìkarahun. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti àwọn tí kì í sùn lọ.

Lẹ́yìn tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti lọ, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, oorun rẹ̀ kò sì pé. Bó ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì òdìkejì ọ̀nà wá fá irùngbọ̀n. Ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn, ọṣẹ hó bò ó lágbọ̀n, abẹ sì wà lábẹ́ etí rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mẹkáníìkì wí, "ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí láàárọ̀ yìí."

"Ka ara ògiri."

"Mo ti kà á tán, mo sì ti gbàgbé ẹ̀. Tíṣà kan ló wọ́ ọkọ̀ wá. Ó ní ọkọ̀ òun ń ké nínú, ó ní á dákẹ́ tó bá yá, á tún ké. Mo ṣí iwájú ọkọ̀. Ọ̀gá, adìyẹ ló sàba síbẹ̀! Ẹyin wà lábẹ́ ẹ̀ lọ súà. Adìyẹ wo mi bíi pé èmi ni mo wọlé onílé. Mo bá yíjú sí Tíṣà, mo ní, 'Sà, ọkọ̀ yín ò ṣàìsàn o. Ó lóyún ni.'"

Agẹrun sáré ronú kan ìsìnkú ìyá rẹ̀. Kò yá tó. Adìyẹ náà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà ní ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ jábọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ọrùn, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ìka, orúnkún ló kẹ́yìn. Ó wá rọra yọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí aṣọ tó bọ́ lórí ìṣó. Abẹ bọ́ sórí aṣọ funfun. Ó ha mẹkáníìkì lábẹ́ àgbọ̀n, kò ju bí èékánná ológbò ṣe ń ha ènìyàn lọ.

Mẹkáníìkì fọwọ́ kan ọrùn, ó rí ẹ̀jẹ̀. "Wọ́n ti dúńbú mi o! Ẹ gbà mí!" Ó wo ilẹ̀, ó rí agẹrun tó nà gbalaja, ojú rẹ̀ là díẹ̀.

Obìnrin aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ sáré wọlé pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. "Kí lo fi ṣe bàbá yìí?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tẹ́jẹ̀ ń dà lọ́rùn mi!"

"Ìwọ ń sọ̀rọ̀, òun ò sọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló jọ òkú?" Ó gbé apá agẹrun sókè, ó fi í sílẹ̀, apá náà já lulẹ̀ pọ̀. Obìnrin náà káwọ́ lérí. "Yéè! Ó ti lọ! Kí lo sọ fún un?"

"Adìyẹ! Ọ̀rọ̀ adìyẹ lásán ni mò ń bá a sọ!"

"O wá fi adìyẹ pa bàbá olóbàbá!"

Nísàlẹ̀ níbẹ̀, okun ti ń padà bọ̀ sí ìka agẹrun. Bí ó ṣe gbọ́ gbólóhùn yẹn, ẹ̀rín mìíràn ru sókè nínú rẹ̀, okun náà sì tún tú dànù. Ìbẹ̀rù bo ọkàn rẹ̀. Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí, kó wà nílẹ̀ kí wọ́n sì tún máa gbé e ṣánlẹ̀.

"Kí ni màá sọ fún ọlọ́pàá?" ni mẹkáníìkì ń sunkún bi í. "Pé mo fẹnu pa á?"

"Sọ fún wọn pé adìyẹ ló pa á. Kí wọ́n lọ mú adìyẹ."

Okun tún tú. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́, ẹ ó fi ẹ̀rín pa mí lóòótọ́. Ètè rẹ̀ kò mira. Aránṣọ ṣí aṣọ funfun kúrò lọ́rùn mẹkáníìkì, ó fi bo agẹrun láti orí dé ẹsẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ já sí i lójú. Kò lè ṣẹ́jú.

Báyìí ni ìyàwó rẹ̀ ṣe bá a. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é. Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò ké bí wọ́n ṣe rò. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sórí itan pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi pé wọ́n nìkan ló wà nínú yàrá.

"Baba ọmọ mi, ẹ wá lọ báyìí? Ẹ ò rẹ́rìn-ín sí mi rí. Bí mo bá ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó dìde kúrò níbẹ̀. Mo máa ń dúró síwájú dígí tẹ́ ẹ bá ti jáde, mo máa ń wo eyín mi. Mo ní bóyá eyín mi ni ò dáa lójú yín. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń fọwọ́ bo ẹnu tí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ṣàkíyèsí ẹ̀?"

Ó ti ṣàkíyèsí ẹ̀. Ó rò pé àṣà rẹ̀ ni.

Ẹ̀rín tó wà nínú rẹ̀ gbẹ lójú ẹsẹ̀. Okun padà sí ọrùn rẹ̀, ó padà sí ahọ́n rẹ̀. Láti abẹ́ aṣọ funfun náà, ó ní, "Eyín ẹ dáa."

Aránṣọ kò rántí pé ẹnu ọ̀nà wà. Ojú fèrèsé ló bá jáde. Mẹkáníìkì sá gba àárín ọ̀nà lọ, ẹ̀gbẹ́ kan irùngbọ̀n rẹ̀ ti fá, ọṣẹ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń pariwo pé òkú ti jí. Ìyàwó nìkan ni kò sá. Kì í ṣe ìgboyà. Orí ọkọ rẹ̀ ló tẹ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Agẹrun ṣí aṣọ kúrò lójú, ó jókòó sílẹ̀ láàárín irun, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, abọ́ omi gbígbóná, ògiri. Obìnrin náà gbọ́ ọ dé òpin.

"Ẹ̀rín?" ló bi í. "Gbogbo ọdún yìí, ẹ̀rín lẹ̀ ń sá fún?"

Òun ló fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin ni dókítà tí wọ́n rí, ó kéré sí ọmọbìnrin wọn lójú. Ó jẹ́ kí agẹrun sọ tirẹ̀ tán, ó fi bírò lélẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lásìkò tẹ́ ẹ bá wà nílẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kí oorun tó gbé yín lọ tán, ṣé ẹ máa ń rí àlejò nínú yàrá? Ẹni tí kò sí níbẹ̀?"

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò sọ ìyẹn fún un rí.

"Ṣé ẹ sì máa ń jí nígbà mìíràn, ojú yín á là, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè gbé ìka?"

Agẹrun dìde lórí ìjókòó. "Dókítà, ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́."

Gbólóhùn yìí gbò ó ju ìṣubú lọ. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rò pé òun nìkan ṣoṣo ni.

Kí ó lè dá wọn lójú, wọ́n ní kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ibùsùn, kó ká eékún mọ́ àyà. Wọ́n fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ ìrora, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gígùn fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Omi náà mọ́ gaara. "Ẹ̀rín ni mo bá wá," ni agẹrun ń kùn, "ẹ̀yìn lẹ̀ ń gún." Omi tó yí ọpọlọ ká, ni dókítà dá a lóhùn, òun náà ló yí mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ká, bí nǹkan bá wọ́n nínú ọpọlọ, ó lè hàn níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Nígbà tí wọ́n padà lọ, dókítà wo tọkọtaya náà. "Ohun tí a wá nínú omi yẹn, díẹ̀ báyìí ló kù. Ká kúkú sọ pé kò sí mọ́."

"Kí ni kò sí mọ́?" ni ìyàwó bi í, ó ti di apá ọkọ rẹ̀ mú.

"Ìránṣẹ́ kan ni, Màmá. Nísàlẹ̀ ọpọlọ lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn ò pọ̀. Wọ́n ń ṣe èròjà kan tí à ń pè ní orẹ́síìnì, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn apá ọpọlọ yòókù pé ojú ṣì là, kí wọ́n má sùn. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ń lálàá pé à ń sáré, a kì í dìde sáré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn pé kó tú iṣan ara sílẹ̀ títí àlá á fi parí. Ẹyinjú, èémí àti ọkàn nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. Lójúmọmọ, orẹ́síìnì ló ń bá wa dí ọ̀nà yẹn. Ti Bàbá ò sí mọ́. Tí inú wọn bá dùn lójijì, ọ̀nà á ṣí, iṣẹ́ tó yẹ kó dúró de àlá á sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ara wọn á wọ oorun, àwọn fúnra wọn ò sì tíì sùn."

Agẹrun bi í pé, "Ta ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn?"

"Kò tíì dájú, sà. Ohun tí a rò ni pé àwọn ọmọ ogun ara yín, tó yẹ kí wọ́n bá àìsàn jà, ló ṣì wọ́n pa, bóyá nígbà ibà yẹn."

"Ara mi ló pa ìránṣẹ́ ara mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ló jọ."

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní kò tíì sí bí wọ́n ṣe lè dá ìránṣẹ́ náà padà, ṣùgbọ́n oògùn wà tí yóò dín ìṣubú kù, oorun ọ̀sán sì jẹ́ oògùn, kì í ṣe ọ̀lẹ. Abẹ, kó gbé e jìnnà. Kó jókòó, kó máa fi ẹ̀rọ gẹ irun.

"Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ó wà lára àwa náà?" ni ìyàwó bi í.

"Ó pọ̀ lára wa, Màmá. Ẹni tó ń sá fún ewu, tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀, tí kò mọ̀ ọ́n títí ó fi délé, àwọn kan nínú wọn ló dí ọ̀nà ìrora mọ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn, kó má tètè gòkè. Ìyá ọlọ́mọ tó gbọ́ igbe ọmọ ní yàrá kejì, tí ọmú rẹ̀ ṣàdédé ń kán, òmíràn ló gba inú ẹ̀jẹ̀ láti ọpọlọ wá sí àyà rẹ̀."

"Ọlọ́run mi! Ọmọ ọlọ́mọ ló ké lọ́jà lọ́jọ́ kan, tí gbogbo aṣọ mi rin!"

Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó gba fóònù ọlọ́jà kan, ó fi pe ọmọbìnrin wọn, kó má baà mọ nọ́ńbà. Ọmọbìnrin náà gbọ́, ó ní, "Màámi, ẹ̀rín? Irú àwáwí wo nìyẹn?" Ṣùgbọ́n ó wá. Ó ní òun wá fojú ara òun rí i, bí ó bá jẹ́ irọ́, kí wọ́n má wá òun mọ́.

Agẹrun ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ṣùgbọ́n oògùn náà kò tíì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri tó ti ń kọjú sí látọjọ́ yìí. Ìyàwó rẹ̀ to ìrọ̀rí sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. "Jókòó súnmọ́ wọn," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Fi ọwọ́ ẹ sábẹ́ ọmọ. Má yọ ọ́ rárá o, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀."

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀?" Ohùn rẹ̀ le. Ó gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì fi ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Agẹrun na apá. Ó di ọmọ náà mú, ó wo ojú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó fa imú rẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fa ètè rẹ̀, ó sì yanu. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rín rẹ̀ dún.

Bàbá Kòrẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ohùn tó jáde há, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kó tó mọ ohun tó gbọ́, àgbọ̀n bàbá rẹ̀ ti já, orí rẹ̀ ti dojú kọ àyà, apá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Gbogbo ìwúwo ọmọ bọ́ sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ti sọ fún un. Síbẹ̀ ó figbe ta. "Bàbá! Màámi, wọ́n ti kú! Bàbá!"

"Wọn ò kú. Wọ́n ń gbọ́ ẹ. Wo ojú wọn."

Ojú náà là díẹ̀, omi sì wà nínú rẹ̀. Igbe ìyá rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ, òun náà bú sẹ́kún. Bí ó ṣe ké ni ọmú ìyá rẹ̀ ń kán, tí iwájú aṣọ rẹ̀ rin. Ọmọbìnrin náà wo aṣọ rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó tún wo aṣọ rẹ̀.

"Màámi, mi ò rán an níṣẹ́ o," ló wí, ohùn rẹ̀ ti já wálẹ̀. "Ọmọ ló ké, ó ń dà."

"Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá ẹ náà ò rán tiwọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ lọ́mú. Lójijì ó gbójú sókè. "Ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn nílé ìwé, tí mo sáré wọlé. Wọ́n kọjú sí ògiri." Ó tún ní, "Ọjọ́ tí mo wọ bàtà Màámi tí mo ń jó. Ògiri ni wọ́n ń wò." Ó sún mọ́ ọn, ó ń wá ojú tó dojú kọ àyà náà. "Bàbá, gbogbo ìgbà yẹn? Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ kọjú sí ògiri, inú yín ń dùn sí mi ni?"

Kò lè dáhùn. Ọmọbìnrin náà gbé ọmọ tó ti dákẹ́ ẹkún padà lé e láyà, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tì í níbẹ̀, ó dúró.

Ìka ló kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn rẹ̀ apá. Àwọn apá náà dìde lórí ìrọ̀rí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì pàdé lẹ́yìn ọmọ.